Ìgbìmọ̀ tó yí ọba ká: ṣé wọ́n ń ṣèjọba ni, àbí wọ́n kàn ń jókòó ti ọba?

ọmọ_táíwò
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún fóònù ṣe ní àdúgbò Táíwò, níbí ní Ìlọrin, lọ́sàn-án òní, kò sì tíì tán lọ́kàn mi. Oníbàárà kan ló ní òun wo bí wọ́n ṣe kéde Charles ní ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2022, pé kì í ṣe ilé aṣòfin ló kéde rẹ̀, àwọn kan tí wọ́n ń pè ní Privy Council ni. Ó ní àwọn yẹn gan-an ló ni ìjọba, pé gbogbo ariwo ìdìbò tí à ń gbọ́ lọ́dọ̀ wọn, eré lásán ni. Ọ̀gá mi ní kó lọ jókòó, pé ìgbìmọ̀ ọba níbi gbogbo láyé, ìmọ̀ràn ni wọ́n ń gbà á: bó bá wu ọba, a gbà; bí kò bá wù ú, a tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ni wọ́n bá fi fóònù sílẹ̀ ní títú, wọ́n ń pariwo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ bá wa dá sí i. Ti Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Tiwa ńkọ́, láti Ìlọrin títí dé gúúsù Kwara? Kí ni ìgbìmọ̀ ọba ń ṣe nínú ìjọba gan-an?

amòfin_tankẹ
Oníbàárà yín sọ òótọ́ díẹ̀, ó sì fi àbùmọ́ sí i. Privy Council ló kéde Charles lóòótọ́, ní September 10, 2022, ní ààfin St James's ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí wọ́n máa jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n gbé e. Àmọ́ ẹ wo àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn ná. Wọ́n lé ní 700. Mínísítà tó wà lórí oyè wà níbẹ̀, èyí tó ti kúrò wà níbẹ̀, olórí ẹgbẹ́ alátakò, àwọn adájọ́ àgbà, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ńlá. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, ó di ojú ikú, àyàfi tó bá fúnra rẹ̀ kúrò tàbí tí wọ́n yọ ọ́. Èrò tó tó báyìí kò lè jókòó ṣèjọba. Bí kò bá ṣe pé ọba tuntun fẹ́ jẹ, ẹ ò ní gbọ́ pé wọ́n pe ọ̀pọ̀ nínú wọn jọ.

Ìpàdé tí wọ́n ń ṣe déédéé, mínísítà mẹ́ta mẹ́rin ló ń lọ bá ọba. Wọn kì í jókòó. Láti ayé Victoria ni wọ́n ti ń ṣe é ní ìdúró. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Lord President á máa ka àkọlé àwọn àṣẹ tí wọ́n gbé wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọba á ní òun fọwọ́ sí i, ó parí, ó ti di òfin. Ọba kò ní sọ pé òun kò gbà, torí àwọn mínísítà ti rò ó tán lọ́dọ̀ ara wọn kí wọ́n tó gbé e dé iwájú rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní ìmọ̀ràn o, àmọ́ àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn yìí ló ń pàṣẹ, ọba ló ń gbọ́. Ará ìlú ló sì fi ìbò gbé wọn débẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìbò bá lé wọn lọ, àwọn mìíràn ni yóò máa lọ dúró síwájú ọba. Èyí tí oníbàárà yín pè ní eré, òun gan-an ló ń yan ẹni tó máa wọlé tọ ọba.

Baba_Pàkátà
Salaam alaikum. Lọ́ńdọ̀nù ló máa ń kọ́kọ́ yá yín lẹ́nu. Ṣé ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí ni?

Balógun mẹ́rin ló wà lẹ́yìn Ẹ́míà ní Ìlọrin: Balógun Gàmbàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkòbí, Balógun Alánámù. Gàmbàrí ló ń ṣàkóso àwọn Haúsá, Fúlàní ló ń ṣàkóso àwọn Fúlàní, Àjíkòbí àti Alánámù ló ni àwa Yorùbá. Kálukú ní àdúgbò tirẹ̀, kálukú ní ọmọ ogun tirẹ̀. Ẹ wo orúkọ àwọn wọ́ọ̀dù tí INEC fi ń dìbò láàrin ìlú títí dòní, àwọn náà lẹ máa bá níbẹ̀. Bí ẹni tó ní ọmọ ogun bá fún ọba nímọ̀ràn, ọba á fi etí méjèèjì gbọ́.

Ọba Moma rí i fojú ara rẹ̀. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ogun rọlẹ̀, kí òun bá òyìnbó tó wà ní Èkó ṣe é ní ìrọ̀rùn. Àwọn Balógun ní àwọn kò gbà. Lọ́dún 1895 wọ́n dìtẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ká a mọ́ ààfin, ọba sì fi ẹ̀tù ìbọn pa ara rẹ̀ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi Sulaiman jọba, àmọ́ àwọn Balógun ni wọ́n ń pàṣẹ, Alánámù ló sì le jù nínú wọn. Ní February 1897, Goldie, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ òwò òyìnbó tó ń jẹ́ Royal Niger Company, kó àwọn ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ náà dé, wọ́n yin àgbá lu ìlú. Ta ló wá ní ìgbìmọ̀ ọba kò lágbára? Kó wá bá mi ní Pàkátà.

ọmọ_táíwò
Yéè! Wọn ò kọ́ wa nílé ìwé o. Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ má bínú, ṣé ìyẹn ń jẹ́ ìmọ̀ràn ni àbí ọ̀tẹ̀?

Baba_Pàkátà
Ọmọ mi, tó bá bọ́ sí i, wọ́n á ní ìmọ̀ràn ni. Tí kò bá bọ́ sí i, wọ́n á ní ọ̀tẹ̀ ni.

tíṣà_òmù
Ẹ kú ìjíròrò o. Láti Òmù-Àrán ni mo ti ń kà yín bọ̀. Ẹ kò lè sọ̀rọ̀ Balógun kẹ́ ẹ fi ti Ọ̀yọ́ sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé Àfọ̀njá tí ìtàn Ìlọrin kò lè fò dá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni. Ọ̀yọ́mèsì méje ló wà: Baṣọ̀run, Àgbàakin, Sàmú, Alápinni, Lágùnnà, Akinikú àti Aṣípa. Àwọn ló ń yan Aláàfin. Bí ọba bá sì ti hùwà tó kọjá àlà, Baṣọ̀run ni yóò jẹ́ ẹnu wọn, pé ilé kọ̀ ọ́, ọ̀nà kọ̀ ọ́. Ọba tó bá gbọ́ gbólóhùn yẹn kò ní rí oòrùn ọjọ́ mìíràn. Ìgbìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ ń wí yẹn, irú agbára yìí kò sí lọ́wọ́ wọn.

Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi èyí yangàn. Baṣọ̀run Gáà lo agbára yìí títí ó fi di pé òun gan-an ni ọba, Aláàfin wá di àlejò nínú ààfin. Ọba bíi mélòó ló rán lọ sọ́run kí Abíọ́dún tó rí ẹ̀yìn rẹ̀ ní 1774. Àwọn àgbà ṣì ń sọ ọ́: bí o láyà, o ṣèkà; bí o bá rántí ikú Gáà, o sọ òtítọ́. Nínú kíláàsì mi, àwọn ọmọ máa ń pàtẹ́wọ́ fún Ọ̀yọ́mèsì títí tá a bá fi dé orí Gáà, ibẹ̀ ni gbogbo wọn á ti dákẹ́. Ìgbìmọ̀ tí kò sẹ́ni tó lè mú un, ìyà tó fi ń jẹ ìlú kò kéré sí ti ọba tí kò sẹ́ni tó lè mú un.

ìjàkadì_lorò
Bàbá Pàkátà, ẹ̀yin lẹ lè yin àwọn Balógun yẹn. Àwa ará Ọ̀ffà rántí wọn lọ́nà mìíràn, mi ò ní tú ìyẹn síta lónìí.

Ibi tí mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ gbà ni ayé N.A., Native Authority, ìjọba ìbílẹ̀ ayé òyìnbó. Lábẹ́ òyìnbó, Ẹ́míà nìkan ni òfin mọ̀ sí aláṣẹ. Ìgbìmọ̀ wà o, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń wọ agbádá, àmọ́ tí ojú Rẹ́sídẹ́ǹtì, òyìnbó tó ń ṣojú ìjọba wọn lágbègbè, bá ti dára sí ọba, ìpàdé ti parí. Òfin N.A. ti ìjọba àríwá lọ́dún 1954 ló wá pín ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní, ọba lè lòdì sí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀ sọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kejì, ohun tí ọ̀pọ̀ bá ti sọ ni abẹ gé, ọba kò lè yí i. Gbogbo ìjà tí ọ̀gá rẹ àti oníbàárà rẹ ń jà ní ṣọ́ọ̀bù, òfin yìí ti jà á tán ṣáájú kí wọ́n tó bí wọn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹgbẹ́ òṣèlú Tálákà Parapọ̀ dìde láàrin Ìlọrin. Àwọn àti ẹgbẹ́ Action Group ni wọ́n jọ ń ṣe, J. S. Ọláwọyin ọmọ Ọ̀ffà sì ni aṣáájú Action Group lágbègbè wa nígbà náà. Ní 1956 wọ́n wọlé ìdìbò ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tí kò joyè, tí bàbá rẹ̀ kò joyè, ló wá jókòó síbi tí wọ́n ti ń sọ iye owó orí àti ẹni tí wọ́n máa gbà síṣẹ́ N.A. Ìjọba àríwá ní Kaduna kò jẹ́ kó jìnnà. Òmìnira kò tíì dé tí wọ́n fi tú ìgbìmọ̀ náà ká. Lójú tèmi, ìgbà kan ṣoṣo tí ìgbìmọ̀ Ìlọrin ní agbára tí kì í ṣe ti idà, tí kì í ṣe ti òyìnbó, nìyẹn.

Baba_Pàkátà
Mo mọ̀ pé ọmọ Ọ̀ffà máa dé. Ẹ gbé àga fún un 😄. Àmọ́ mi ò jiyàn ti Tálákà Parapọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà nínú wọn.

ọmọ_ẹ̀sà
Ogun, ikú, ọ̀tẹ̀, ẹ kò tíì sọ nǹkan mìíràn látìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, mo sì máa ń gbé wọn lọ sí ìpàdé torí ojú wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo rí.

Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ra ilẹ̀ tí wọ́n máa ri òpó fóònù sí, ẹ̀yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì mú. Kábíyèsí ti bá wọn sọ̀rọ̀, ó dà bíi pé owó àkọ́kọ́ ti wọlé. Ọba wá pe ìgbìmọ̀. Nílùú tiwa, ìjòyè tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní tí àgbà bá ti sọ tirẹ̀, ọmọdé kò ní lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ìjòyè kékeré yìí kò sọ pé kò dáa. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ ibi tí àwọn ọmọ á ti máa ṣeré. Èyí tó tẹ̀ lé e ní ẹ̀rọ tó ń fún òpó yẹn níná, ṣé kò ní máa pariwo nígbà tí tíṣà bá ń kọ́ wọn? Bó ṣe ń lọ nìyẹn, ìbéèrè ni gbogbo wọn ń bi, kò sẹ́ni tó sọ pé rárá. Kábíyèsí kò fọhùn. Ó kàn ń fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lé eṣinṣin, eṣinṣin kan ò sì sí níbẹ̀. Nígbà tó kan Ẹ̀sà, Ẹ̀sà ní, "Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ yín ni ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi sùn."

Mo rò pé wọ́n ti gbà ni. Nínú mọ́tò ni bàbá mi ti rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ó ti bàjẹ́ nìyẹn." Láàárín oṣù yẹn, òpó bọ́ sí ọ̀nà oko, lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò. Ọba sọ fún gbogbo ìlú pé òun ló rò ó bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Torí náà, ọmọ_táíwò, sọ fún ọ̀gá rẹ pé kò sí ọba tó ń ṣe tinú ẹ̀ láìní ìgbìmọ̀ nídìí, tí ìgbìmọ̀ náà bá mọ iṣẹ́.

hájíà_òkè_málè
Ìtàn yìí dùn o. Obìnrin mélòó ló wà nínú ìpàdé yẹn? Ọmọ ta ló ń ṣeré lẹ́yìn ilé ìwé?

ọmọ_ẹ̀sà
Ìyá mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Ìyálóde wà nílùú, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjà ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè wọ́n sí. Lọ́jọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí, mi ò rí wọn.

hájíà_òkè_málè
Mo mọ̀. Ẹ máa bá ìjíròrò yín lọ.

ìjàkadì_lorò
Ọmọ_ẹ̀sà, mo gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n òpó fóònù nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé Gómìnà ló fẹ́ ilẹ̀ yẹn ńkọ́? Ta ló máa ní "ẹ jẹ́ ká fi sùn"?

amòfin_tankẹ
Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Lábẹ́ òfin tó wà nílẹ̀, Gómìnà ló ń fọwọ́ sí ọba, òun ló ń sọ kíláàsì tí ọba wà, òun náà ló lè rọ̀ ọ́ lóyè. Owó tí ààfin ń ná sì ń ti ara owó ìjọba ìbílẹ̀ wá. Nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa, ti 1979 ṣì fi ìgbìmọ̀ àwọn lọ́balọ́ba sí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì jẹ́ kí wọ́n rán ẹnì kan láàrin ara wọn lọ sí ìgbìmọ̀ àgbà tó ń gba Ààrẹ nímọ̀ràn. Ti 1999 yọ gbogbo ẹ̀. Lónìí, nínú Council of State tó ń gba Ààrẹ nímọ̀ràn lórí ètò ìkànìyàn, oyè ìdálọ́lá àti ìdáríjì àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ẹ óò rí àwọn tó ti ṣe Ààrẹ rí, àwọn gómìnà, àwọn tó ti jẹ́ adájọ́ àgbà pátápátá. Ọba kankan kò sí níbẹ̀ nítorí oyè rẹ̀. Síbẹ̀ tí rògbòdìyàn bá bẹ́ sílẹ̀, ààfin ni gbogbo wọn ń sáré lọ. A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ, ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ọba wa gan-an nìyẹn.

ọmọ_táíwò
Amòfin, ẹ ṣé. Oníbàárà yẹn tún sọ pé Privy Council yìí kan náà ló ń dá ẹjọ́ wa nígbà kan. Ṣé òótọ́ ni?

amòfin_tankẹ
Òótọ́ pọ́nbélé. Ẹ̀ka ìdájọ́ rẹ̀, tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ ní 1833, ni ibi tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń parí sí títí a fi di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba mọ́, ní October 1, 1963. Méjì ni mo máa sọ.

Àkọ́kọ́ ni ti Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ọ́, ọba Èkó. Ìjọba òyìnbó rọ̀ ọ́ lóyè ní 1925, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹjọ́ rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó sì di 1931, Privy Council ní ìjọba kò lè fi ọwọ́ kan ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé òfin fún un láyè, àti pé ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òfin fún un láyè lóòótọ́. Ẹlẹ́kọ̀ọ́ padà sí Èkó lọ́dún yẹn. Ìgbìmọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ló bá gómìnà ọba Gẹ̀ẹ́sì wí nítorí ọba wa! Èyí dùn mọ́ mi ju gbogbo ohun tí mo kà nílé ìwé lọ.

Ìkejì kò dùn. Ní 1962, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí tó jẹ́ Gómìnà ìwọ̀-oòrùn yọ Akíntọ́lá kúrò nípò Olórí Ìjọba, torí ọmọ ilé aṣòfin 66 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò tì í lẹ́yìn mọ́. Ó fi Adégbénró sí i. Ilé ẹjọ́ àgbà tiwa ní kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní May 1963 Privy Council ní Adégbénró ló jàre. Kí ni wọ́n ṣe ní Ìbàdàn? Wọ́n tún ìwé òfin ìwọ̀-oòrùn kọ kíá, wọ́n sì ní òfin tuntun náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ẹ̀yìn wá. Akíntọ́lá kò kúrò lórí àga. Ìgbìmọ̀ kan náà ni o: ní 1931 wọ́n gbọ́ tirẹ̀, ní 1963 wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́.

tíṣà_òmù
Nítorí pé ní 1931 gómìnà ń bẹ̀rù Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1963 kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ohun tí mo ń sọ nípa Gáà náà nìyẹn: kì í ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ sọ, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò bá gbọ́ ni.

ọmọ_ẹ̀sà
Tíṣà, kí ni ìgbìmọ̀ ìlú wa lè fi ṣe Kábíyèsí? Kò sí. Ojú ló ń tì í ni. Ìtìjú náà ń ṣiṣẹ́.

ọmọ_táíwò
Mo ti fi gbogbo rẹ̀ han ọ̀gá mi. Wọ́n ní àwọn gbà fún ọmọ_ẹ̀sà, wọn ò gbà fún amòfin 😂. Wọ́n wá ní kí n bi yín ní ti ara wọn: ẹbí wọn ní ẹjọ́ ilẹ̀ nílé, ọba àti ìgbìmọ̀ sì ti dá a ní ọdún tó kọjá. Ẹgbẹ́ kejì wá ń sọ pé àwọn máa lọ kóòtù, pé ohun tí ààfin sọ, ìmọ̀ràn lásán ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?

amòfin_tankẹ
Kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti sọ ọ́ láti 1991, nínú ẹjọ́ Agu àti Ikewibe, pé ìdájọ́ àwọn àgbà nílé lè de àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ lọ síbẹ̀. Ohun tí kóòtù máa béèrè ni pé: ṣé ẹ̀yin méjèèjì lẹ fínnúfíndọ̀ gbé e lọ sí ààfin? Ṣé ẹ gbà ṣáájú pé ohun tí wọ́n bá sọ lẹ máa tẹ̀ lé? Ṣé àṣà ìlú ni wọ́n fi dá a? Ṣé ẹnikẹ́ni jáde kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dá a tán? Tí ọ̀gá rẹ bá lè fi ẹ̀rí hàn lórí gbogbo rẹ̀, ẹgbẹ́ kejì kò ní rí ọ̀nà gbà.

Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ààfin bóyá wọ́n kọ ìpàdé ọjọ́ yẹn sílẹ̀, àti bóyá àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Tí wọn kò bá kọ ọ́, kí wọ́n wá ìjòyè méjì tó wà níbẹ̀ tó lè wá jẹ́rìí, kí wọ́n sì tètè ṣe é nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lórí àwọn àgbà.

ọmọ_táíwò
Wọ́n kọ ọ́. Ọ̀gá mi ní àwọn ní fọ́tò ìwé náà lórí fóònù àwọn, pé èyí tó wà ní títú lórí tábìlì yẹn ni.